Ta Ló Ni Aró, Ta Ló Ni Aṣọ?

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀yin Yorùbá mùsùlùmí tí ẹ tẹ̀dó sí Kaduna, Zaria, Kano àti agbègbè wọn, ẹ̀yin la ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jà ràn-ìn láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa, ó sì ti wọ inú ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n ní àwọn ẹlòmíràn ń jí àṣà wa. Wọ́n ní òyìnbó ń wọ àdìrẹ, ará Ṣáínà ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, àwọn Haúsá sì ń dá agbádá, wọ́n ń pè é ní tiwọn. Bí Haúsá tó múlé gbè wá bá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn, nítorí lójú tirẹ̀ àwa gan-an la gbé babbar riga òun wọ̀. Báyìí ni àríyànjiyàn ṣe ń di ìjà láàrin àwọn tó jọ ń kírun ní sáàfù kan náà. A rí i pé ó tọ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà sórí òṣùwọ̀n ẹ̀sìn, kí á wo ibi tí òdodo wà nínú rẹ̀ àti ibi tí asọ̀ lásán wà.

Ní Súúrà Hujuráátì, àáyà 13, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá gbogbo wa, pé Òun ló sì pín wa sí ìran àti ẹ̀yà, kí á baà lè mọ ara wa. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìdí tí Ọlọ́hun mẹ́nu bà yìí. Kò sí bí ìdílé méjì yóò ṣe fi ògiri kan pààlà fún ogún ọdún kí èyí má kọ́ oúnjẹ tọ̀hún sè, kí tọ̀hún náà má kọ́ ìránṣọ èyí. Mímọ ara ẹni kò lè parí sí kí á máa kí ara wa láàárọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ ti ìran mìíràn, ó ti ń bá ìdí tí Ọlọ́hun fi pín wa sí ẹ̀yà jà.

Ànábì wa pàápàá wọ aṣọ tí kì í ṣe ti ìran rẹ̀. Nínú hádíìsì tí Bukhárì gbà wá láti ọ̀dọ̀ Mughíírà ọmọ Ṣú'bà, nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn, Ànábì wọ jùbáà kan tó ti ilẹ̀ Ṣáámù wá, tí ọwọ́ rẹ̀ fún. Nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, kò lè ká ọwọ́ aṣọ náà sókè, àfi ìgbà tó yọ ọwọ́ rẹ̀ láti abẹ́ aṣọ. Abẹ́ àṣẹ Róòmù ni Ṣáámù wà nígbà náà. Aṣọ náà kò tilẹ̀ rọrùn fún àlùwàlá, síbẹ̀ a kò rí i kà pé ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló dé tó wọ aṣọ àwọn ará Róòmù.

Ẹ tún wo ogun Khándáákì, ní ọdún karùn-ún Híjíràh. Nígbà tí àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá ká Mẹdínà mọ́, Salmáánù, ọmọ ilẹ̀ Páṣíà, ló sọ pé ní ìlú tòun, yàrà ni wọ́n máa ń gbẹ́ sí ojú ọ̀nà tí ọ̀tá yóò gbà wọlé. Àwọn Lárúbáwá kò mọ irú ogun bẹ́ẹ̀. Ànábì gbà á, òun fúnra rẹ̀ sì bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí gidigidi nìyí: kò sí ẹni tó sọ yàrà náà di ọgbọ́n àwọn ará Mẹdínà. Ó ti lé ní 1,400 ọdún báyìí, ọmọ ilé-kéwú tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ní Kaduna yóò sọ fún ọ pé Salmáánù ará Páṣíà ló mú un wá. Wọ́n gba ọgbọ́n, wọn kò sì gba orúkọ mọ́ ẹni tó ni ọgbọ́n lọ́wọ́.

Àwa náà, gbèsè irú èyí pọ̀ lọ́rùn wa. Láwàní tí à ń wé fún Lèmọ́mù wa, rawani ni Haúsá ń pè é kó tó dé ẹnu wa. Dàńṣíkí, èdè wọn ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni ẹ̀wù tí a ń wọ̀ sábẹ́. Gòjé tó ń ké nínú orin sákárà, goge ni. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa láti inú èdè Lárúbáwá. Bí Haúsá bá ní kí á kó ẹrù òun sílẹ̀ lónìí, Lèmọ́mù wa á ṣí orí sílẹ̀, ọbẹ̀ ilé wa á tẹ́. Dàńṣíkí yìí kò sì dúró sọ́dọ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú orúkọ náà, wọ́n fi pe ẹ̀wù tí wọ́n fi ń sọ fún ayé pé Áfíríkà ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. A kò gbọ́ pé Haúsá pè wọ́n lẹ́jọ́, àwa náà kò sì pè wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ọ̀rọ̀ aró, torí òun gan-an ló ń fa ọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó bá ti dé Kofar Mata ní Kano á ti rí àwọn kòtò aró tó wà níbẹ̀, tí àkọlé wọn sọ pé láti ọdún 1498 ni iṣẹ́ ti ń lọ. Marina ni wọ́n ń pe ibi ìpaláró, baba ni wọ́n ń pe aró fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin sì ni lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, dé Kano ní 1851, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí aṣọ ìlú náà ṣe ń rin ọ̀nà jíjìn gba inú aginjù. Ní Kura, tí kò jìnnà sí Kano, wọ́n máa ń lu aṣọ aró títí yóò fi máa dán, òun ni àwọn Tuareg fi ń wé orí tí wọ́n sì fi ń bo ojú.

Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ obìnrin ni. Ewé ẹ̀lú ni àwọn ìyá wa ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá fi omi eérú rẹ ẹ́ nínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀, bí ewé tútù ló ń rí nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Láyé àtijọ́ Ìyá Mápó ni àwọn aláró máa ń ké sí kí ìkòkò má baà bàjẹ́. Ìyá tó bá jẹ́ mùsùlùmí, bísímílàhí ni yóò fi ṣí ìkòkò tirẹ̀, ẹ̀lú yóò sì mú aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń mú ti ẹlòmíràn. Ta ló wá ni aró nínú àwa àti Haúsá? Ọlọ́hun ló hu ewé sí ilẹ̀ méjèèjì, Ó sì fún àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọpọlọ tí wọ́n fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdìrẹ ní ti rẹ̀, iṣẹ́ àwọn ìyá wa ni láìsí àní-àní. Àwọn ìyá Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ló fi ìko di aṣọ títí ó fi di àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ kọ iṣẹ́ sára aṣọ títí ó fi di ẹlẹ́kọ. Àwọn náà kò ṣe é nínú òfìfo. Aṣọ funfun tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ sí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ òkun kó wá láti Manchester. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn ìyá wa ya òun àti olorì rẹ̀ sára àdìrẹ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba, wọ́n sì tà á tà á. Kò sí ẹni tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ààfin London. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn Dùn, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó ló wà níbẹ̀, ilé tí ìjọba òyìnbó kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1929. Èyí kò sọ àdìrẹ di ti òyìnbó. Ọwọ́ tó ṣe é ló ni ín.

Ànkárá tí a ń dá fún ayẹyẹ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé aṣọ ìbílẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn erékùṣù Java, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Indonesia lónìí, ló ni ọgbọ́n fífi ìda kọ iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Bàtíìkì ni wọ́n ń pè é, mùsùlùmí sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Holland tó ń ṣe ìjọba lé wọn lórí rí i, wọ́n gbé e lọ sí ilé wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond ní 1846, wà lára wọn. Ẹ̀rò wọn ni láti tà á padà fún àwọn ará Java ní owó pọ́ọ́kú, kí ó gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é. Aṣọ ẹ̀rọ náà kò wọ àwọn ará Java lójú. Etí òkun tiwa níhìn-ín ló ti rí oníbàárà, àwa la fún un ní orúkọ, àwa la sọ ọ́ di aṣọ ẹbí. Ní 2009, àjọ UNESCO kọ bàtíìkì ilẹ̀ Indonesia sínú ìwé ogún àjùmọ̀ni ọmọ ènìyàn. Lónìí, ilé-iṣẹ́ Holland náà ló ń pariwo pé àwọn ará Ṣáínà ń jí iṣẹ́ òun. Ẹ bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà gan-an, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí Ànábì Ṣuaíbù dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Mádíyánà, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìjọ́sìn fún Ọlọ́hun kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ọjà ló tẹ̀ lé e. Ó ní kí wọ́n wọn ọjà kó kún, kí wọ́n má sì dín nǹkan àwọn ènìyàn kù mọ́ wọn lọ́wọ́. Àáyà náà wà nínú Súúrà A'ráàfù, ó wà nínú Húùdù, ó tún wà nínú Ṣu'aráà. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gbòòrò ju òṣùwọ̀n àgbàdo lọ. Orúkọ ènìyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀, nǹkan rẹ̀ ni. Òkìkí tí ìlú kan ti ní lórí iṣẹ́ ọwọ́, nǹkan wọn ni. Ẹni tó bá fi orúkọ àdìrẹ ta ohun tí aláró kankan kò fọwọ́ kàn, ó ti dín nǹkan ènìyàn kù.

Ẹ sì rántí hádíìsì tí Múslíìmù gbà wá, nípa ọkùnrin tó kó oúnjẹ jọ sọ́jà. Ànábì ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ọwọ́ rẹ̀ kan ibi tó tutù. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé oníjìbìtì kò sí lára àwọn ènìyàn òun. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ànábì kò ní kó má ta á. Kò ní oúnjẹ tí òjò pa jẹ́ hàráámù. Ohun tó bínú sí ni pé ó fi í pamọ́.

Ẹ gbé e wá sọ́jà tiwa. Ẹ lọ sí Kantin Kwari ní Kano, tàbí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta tó jẹ́ orírun àdìrẹ gan-an, ẹ ó rí aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ oníko àti ẹlẹ́kọ lára rẹ̀, tí ẹni tó ń tà á ń pè ní àdìrẹ. Owó rẹ̀ kò tó ti aláró rárá. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá là kò ní mọ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí aró bá wọ aṣọ, ojú àti ẹ̀yìn ló ń wọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀rọ máa ń sábà ṣá lẹ́yìn. Ẹ wo iṣẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú: ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá kọ ní ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá náà ni yóò yàtọ̀ síra díẹ̀, ti ẹ̀rọ kì í yàtọ̀. Ta ló ń kó o wá? A máa ń yára sọ pé ará Ṣáínà ni. Ṣé ará Ṣáínà ló wá sí Kẹ́ńta ní Abẹ́òkúta láti mú àpẹẹrẹ iṣẹ́ ni? Àwọn oníṣòwò tiwa, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lọ sí Mẹ́kà, ni wọ́n ń fi àpamọ́wọ́ gbé aṣọ ìyá àgbà kọjá òkun, pé kí wọ́n bá àwọn tẹ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun àwa ará Kaduna ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1957 ni Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e ní Kakuri títí a fi ń pe ìlú yìí ní ìlú aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa, fèrè ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ló gbé wọn wá láti Ọ̀fà, Òṣogbo àti Ìbàdàn. Wọ́n ti Kaduna Textiles pa ní 2002, ti United Nigerian Textiles sì tẹ̀ lé e ní 2007. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló pa wọ́n: iná mànàmáná kò dúró, epo dúdú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ gbówó lórí, ẹ̀rọ wọn gbó. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó fọ́ wọn léegun ni aṣọ tí wọ́n tẹ̀ ní Ṣáínà, tó jẹ́ iṣẹ́ Kaduna ni wọ́n wò ṣe, tí wọ́n tún kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Aṣọ náà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, àwọn mùsùlùmí tà á, àwa mùsùlùmí rà á fún ọdún Ìtúnu. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún dúró ti ẹ̀rọ kan náà padà sílé láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan nínú wọn ti kú, a sì ti kírun sí wọn lára.

Ẹnìkan yóò ní, "Ẹ̀yin aáfà, àdìrẹ gidi ti wọ́n jù. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Kí ni kí n dá fún wọn lọ́dún?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò sì ní da iyanrìn sí gàrí olówó kékeré. Ẹ ra aṣọ ẹ̀rọ, ẹ dá a, ẹ wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pè é ní aṣọ ẹ̀rọ ni. Ẹni tó bá sì ń tà á, kó sọ fún ẹni tó ń rà á láìdúró dìgbà tí onítọ̀hún bá bèèrè, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin olóúnjẹ yẹn ṣe yẹ kó gbé èyí tó tutù sókè. Èrè tó bá wọlé nípa pé oníbàárà kò mọ ohun tó ń rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é ní arísìkí.

Ìdájọ́ kan náà ló wà lórí àwa àlejò tí a ń ránṣọ ní ilẹ̀ yìí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí Haúsá ń pè ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, tó wà ní àyà babbar riga, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe é ní Zaria kì í parí rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan méjì. Bí télọ̀ wa bá ya iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ, tó fi ránṣẹ́ sí Èkó, tó ní agbádá àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn baba Yorùbá ni, kí ló fi sàn ju ẹni tó tẹ àdìrẹ lọ? A kò ní kó má rán an. Kó sọ pé ọwọ́ àwọn ará Zaria lòun ti rí i, bí iṣẹ́ ọwọ́ bá sì dé, kó gbé e fún wọn, kó san owó tó tọ́. Ànábì ti jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹni tí kò bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ̀ka kan kù tí a kò fẹ́ fò. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń fa hádíìsì tó sọ pé ẹni tó bá fi ara jọ ìjọ kan ti di ara wọn, wọ́n ní kò yẹ kí mùsùlùmí wọ àdìrẹ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ ń jẹ́ Olókun, tàbí aṣọ ìran mìíràn rárá. Ohun tó jẹ́ àmì ìjọ́sìn ẹlẹ́sìn mìíràn, a kì í gbé e wọ̀. Lórí èyí kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí gbogbo ènìyàn ìlú ń wọ̀ kì í ṣe àmì ìjọ́sìn, jùbáà Ṣáámù sì ti là wá lóye. Ní ti Olókun, orúkọ tí aláró fi ń mọ iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì ni, kò sí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbé e, kó mú iṣẹ́ mìíràn, kó má sì bú ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ní ti aṣọ ọdún Iléyá tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ aṣọ yóò gbé oríṣi méjì wá sí ìpàdé, ọ̀kan láti inú ìkòkò aró, èkejì láti inú ẹ̀rọ, wọn yóò sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Kálukú yóò mú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń pa aró ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ bá wa bèèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì mú un wá bí wọ́n bá ṣe pè é. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹgbẹ́ já owó wọn wálẹ̀. Owó ọkọ̀ yóò dá dúró lọ́tọ̀. Bí ìyá tó pa aṣọ náà bá gbà bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ yóò wà nínú ìwé ìròyìn yìí lẹ́yìn ọdún, lábẹ́ àwòrán wa.